Ẹ yẹ ọkàn yín wò kí ẹ tó délé
Ẹ̀yin ará, ẹ má dúró di àìsùn ìparí ọdún tàbí Sọ́ńdè Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa kí ẹ tó yẹ ọkàn yín wò. Inú bọ́ọ̀sì láti Mile 12 sí Ìkòròdú ni kí ẹ ti máa ṣe é nírọ̀lẹ́. Ìbéèrè kan péré ti tó: ta ni mo ṣẹ̀ lónìí, kí ni mo sì sọ gan-an? Ẹ dárúkọ ẹni náà àti ọ̀rọ̀ náà fún Ọlọ́run, torí “Olúwa, dárí jì mí” lásán kì í jẹ́ ká mọ ohun tó yẹ ká yí padà. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà ṣì gbóná nígbà yẹn. Tó bá di orí bẹ́ẹ̀dì, oorun ló máa ń ṣe àmín. Bí ẹ bá lè pe ẹni náà, ẹ pè é kí ẹ tó sọ̀ kalẹ̀ ní Gáréèjì (ẹ rọra sọ̀rọ̀ o, etí èrò ọkọ̀ ò di). 2 Kọ́ríńtì 13:5 ní ká yẹ ara wa wò, kò ní ká yẹ ọ̀gá ibi iṣẹ́ wò. Àmọ́ ẹni tí ẹ̀ṣẹ̀ àtijọ́ kan ṣáà ń dà láàmú, èyí nìkan ò lè tó o. Kó lọ bá àgbà ìjọ kan tí kì í ṣòfófó.