Bí A Ṣe La Ọ̀nà Ẹlẹ́sẹ̀ àti Oníkẹ̀kẹ́ Lẹ́sẹ̀ Òkè Ṣábẹ̀ẹ́

Ẹni tó bá wọkọ̀ láti Kútọnu lọ sí Pàràkú ní orílẹ̀-èdè Benin, kó tó wọ Ṣábẹ̀ẹ́ ni òkè á ti yọ sí i, àpáta dúdú gàgàrà lórí ilẹ̀ tó tẹ́ pẹrẹsẹ. Àwọn àlejò a máa wá gùn ún, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á sì gba ọ̀nà wọn lọ. Ní tiwa tí a bí síbẹ̀, ẹ̀yìn òkè ni oko wà, ẹ̀yìn òkè ni kajú wà, ibẹ̀ náà ni àwọn ọmọ abúlé ti ń gun kẹ̀kẹ́ wá sí ilé ẹ̀kọ́ girama. Ipa ẹsẹ̀ lásán ni gbogbo wa ń tọ̀. Ó gba ojú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sọ̀ kalẹ̀ tààrà, ọdọọdún ni àgbàrá ń gbẹ́ ẹ sí i, títí ó fi di kòtò tí ewúrẹ́ pàápàá ń yà fún.

Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ àdúgbò wa. A ti la ọ̀nà mìíràn yí ẹsẹ̀ òkè náà ká, ẹlẹ́sẹ̀ àti oníkẹ̀kẹ́ jọ ń gbà á, àwọn ará Ìdáàṣà àti Kétu sì ti ń bi mí léèrè bí a ṣe ṣe é àti ibi tí owó ti wá. Kí n má baà máa sọ ọ́ lẹ́nìkọ̀ọ̀kan, òun ni mo ṣe kọ ọ́ síbí.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ yanjú. Kò sí ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan lẹ́sẹ̀ òkè yẹn tí kò ní ẹni tó ni ín. Òfin ilẹ̀ tí wọ́n ṣe ní Benin ní 2013 mọ ẹ̀tọ́ àbáláyé, ẹni tó jogún ilẹ̀ baba rẹ̀ sì lè gba ìwé ẹ̀rí lé e lórí, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má wá sọ pé igbó lásán ni. Ilé dé ilé la lọ, tòun ti obì. A kò tọrọ ilẹ̀, ọ̀nà àbákọjá la tọrọ: mítà kan àbọ̀ ní fífẹ̀, ilẹ̀ ṣì jẹ́ ti onílẹ̀, a kò sì ní gé igi kajú rẹ̀ kankan. Bàbá àgbà kan gbọ́ gbogbo àlàyé mi, ó dákẹ́, ó wá ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ọ̀nà tí ò ń wí yìí, ṣé ó máa dé ẹ̀yìn oko mi, àbí ibi tí àwọn òyìnbó ti ń ya fọ́tò nìkan ló ń lọ?"

Mo ní, "Ẹ̀yìn oko yín ló máa kọ́kọ́ dé, Bàbá."

"Kí lo tún wá ń bẹ̀ mí fún? Gbé ìwé wá."

Ó tẹ ìka, ẹlẹ́rìí méjì fọwọ́ sí i, a fi ẹ̀dà kan sọ́dọ̀ olórí àdúgbò. Ìbéèrè bàbá yẹn ni mo gbé lé gbogbo ètò náà. Ọ̀nà tí a bá là fún arìnrìn-àjò afẹ́ nìkan, igbó á bò ó kí arìnrìn-àjò náà tó tún wá. Èyí tí àgbẹ̀ ń gbà lọ sóko lójoojúmọ́, òun fúnra rẹ̀ ló máa ń ṣán an.

Àwọn àwòrò náà ní tiwọn. Orí òkè làwọn baba wa sá sí nígbà ogun Dàhòmì, ibẹ̀ sì ní àwọn ibi tí ògbẹ̀rì kì í tẹ̀. Wọ́n bá wa rìn, wọ́n fi ọ̀pá tọ́ka sí ibi tí a ò gbọdọ̀ gbà. Ní ibì kan, ó di dandan kí ọ̀nà yí gbẹ̀rẹ̀jẹ̀ gba ìsàlẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ kan sì ń kùn pé ó jìn. Inú tèmi dùn sí i, nítorí pé ibi tí àwọn àgbà lé wa kúrò yẹn gan-an ló dà gẹ̀rẹ́ jù.

Kí dígà tó kan ilẹ̀, ojú ọ̀nà gbọ́dọ̀ ti hàn. Ẹsẹ̀ èèyàn àti táyà kẹ̀kẹ́ kì í ba ọ̀nà jẹ́ tó omi. Ọ̀nà tó bá dojú kọ òkè tààrà, omi ló ń gbà á, nítorí náà ń ṣe ni ọ̀nà òkè ń fẹ̀gbẹ́ rìn. IMBA, ẹgbẹ́ àwọn agunkẹ̀kẹ́ orí òkè tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1988, ní ìlànà méjì tí mo dì mú ṣinṣin. Àkọ́kọ́, gíga ọ̀nà kò gbọdọ̀ ju ìdajì gíga ẹ̀gbẹ́ òkè tó ń gbà kọjá: bí ẹ̀gbẹ́ òkè bá ga ní mítà 20 nínú mítà 100, kí ọ̀nà má ga ju mítà 10 lọ. Bó bá ju bẹ́ẹ̀, omi kò ní gba orí ọ̀nà kọjá mọ́, á máa tọ̀ ọ́ lọ ni. Èkejì, bí a bá pa gbogbo ọ̀nà pọ̀, kí ẹni tó rìn mítà 10 má gòkè ju mítà 1 lọ.

Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn èyí wà lọ́jà, ṣùgbọ́n igi mẹ́ta ni káfíńtà wa fi ṣe tiwa. Ó kan igi gígùn méjì mọ́ra lókè, ó ya ẹsẹ̀ wọn sí mítà 2, ó fi ẹ̀kẹta dábùú wọn láàárín, ó di A ńlá. Ó so okùn mọ́ ọn lórí, ó so òkúta sí ìdí okùn. Láti mọ ojú ibi tó tẹ́jú, a gbé e nàró, a fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbi tí okùn ti kan igi ìdábùú. A yí i padà kí ẹsẹ̀ ọ̀tún bọ́ sójú ibi tí ẹsẹ̀ òsì wà, a tún sàmì. Àárín àmì méjèèjì ni ojú òṣùwọ̀n. Lẹ́yìn náà ló wá kan ègé igi sẹ̀ǹtímítà 16 mọ́ ìdí ẹsẹ̀ kan, ẹsẹ̀ yẹn ló sì máa ń wà nísàlẹ̀. Nígbà tí okùn bá dúró sójú òṣùwọ̀n báyìí, ibi tí ẹsẹ̀ gígùn tẹ̀ ti fi sẹ̀ǹtímítà 16 rẹlẹ̀ ju ti èkejì lọ láàárín mítà 2. Ìyẹn jẹ́ 8 nínú 100, èyí tó kù sí 10 sì wà fún ibi tí àpáta bá ti fipá mú wa. Ọmọ kan á di ẹsẹ̀ ẹ̀yìn mú, ẹnì kan á máa sún ẹsẹ̀ iwájú sókè sódò títí okùn á fi wọlé, ẹnì kẹta á ri èèkàn mọ́lẹ̀. Bí ọyẹ́ bá ń fẹ́, ẹ wá òkúta tó wúwo dáadáa, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ okùn kò ní sinmi.

Ọ̀wẹ̀ la fi là á. Bó bá ṣe ti ilẹ̀ nìkan ni, ìparí òjò ló dára jù, nígbà tí ilẹ̀ ṣì rọ̀. Àmọ́ ta ló máa fi iṣu sílẹ̀ láìwà wá gbẹ́ ọ̀nà? Inú ọyẹ́ la bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn iṣu, kí kajú tó bẹ̀rẹ̀ sí í já, nítorí pé bí kajú bá ti dé, kò sẹ́ni tó máa dá akọ̀wé lóhùn.

Àwọn aládàá ló ṣíwájú. Kùkùté, kí ẹ hú u tigbòǹgbò-tigbòǹgbò. Èyí tí ẹ bá gé pẹ́lú ilẹ̀, inú táyà ọmọ ilé ìwé ló máa wọ̀. Lẹ́yìn wọn ni onídígà àti ọlọ́kọ́. Ẹni tí kò ṣe irú rẹ̀ rí á fẹ́ gbẹ́ apá òkè, kó wá fi erùpẹ̀ ibẹ̀ kún apá ìsàlẹ̀ kí ọ̀nà lè tètè fẹ̀. Erùpẹ̀ dídà kò ní okun, òjò ńlá kan á wọ́ ọ lọ. Inú ilẹ̀ tó gbó la gbẹ́ gbogbo fífẹ̀ ọ̀nà náà sí, a sì da erùpẹ̀ nù sódò. Kì í tún ṣe pé kí ojú rẹ̀ tẹ́ pátápátá: nínú mítà kan ní ìbú, etí ìsàlẹ̀ fi sẹ̀ǹtímítà 5 rẹlẹ̀ ju etí òkè lọ, kí omi lè ré kọjá. Bí a bá sì ti rìn díẹ̀, a máa ń jẹ́ kí ọ̀nà rẹlẹ̀, kó tún gòkè, kí èyí tó bá fẹ́ tọ ọ̀nà lọ nínú omi lè já síta níbẹ̀. Àwọn ọmọ tó ń gun kẹ̀kẹ́ fẹ́ràn ibẹ̀ jù, wọ́n rò pé nítorí eré tiwọn la ṣe ṣe é.

A kò ri páìpù kankan. Ewé àti iyanrìn á dí i, kò sì sẹ́ni tó máa tọ́jú rẹ̀. Níbi tí omi ti ń gbára láti orí àpáta wá, òkúta la tò, ẹ̀gbẹ́ wọn la fi sọlẹ̀ kí wọ́n lè fún mọ́ra, a fi wẹ́wẹ́ dí àárín wọn. Ibẹ̀ la bá àwọn Fúlàní gáà ìtòsí ṣàdéhùn pé kí màlúù máa gbà sọdá, torí pé pátákò màlúù máa ń fọ́ etí ọ̀nà tó jẹ́ erùpẹ̀.

Aáwọ̀ tó le jù wáyé láàárín wa àti àwọn ọlọ́kadà. Ọ̀nà tuntun, dídán, ta ni kò ní fẹ́ fi alùpùpù gbà á? Àwọn oníkajú sì ní ẹjọ́ rere: orí alùpùpù ni àpò kajú ń gùn wálé. A jókòó lé e lórí títí, a sì pín in. Láti ẹ̀bá ìlú dé oko kajú, alùpùpù lè wọ̀ ọ́, a sì jẹ́ kí ibẹ̀ fẹ̀ díẹ̀. Láti ibẹ̀ lọ, ẹsẹ̀ àti kẹ̀kẹ́ nìkan. A ri òpó igi méjì mọ́lẹ̀ ní wọ́gọwọ̀gọ ní ẹnu ibẹ̀, oníkẹ̀kẹ́ lè gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ yí i, alùpùpù kò lè yí i. Wọ́n hú òpó àkọ́kọ́ lóru. A fi àpáta rọ́pò rẹ̀.

Ní ti owó, ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Àjọ la fi bẹ̀rẹ̀, 500 sẹ́fà lóṣù fún ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ìyá kan tó ń ta ìrẹsì ló di àpò mú, kò sì sí ọkùnrin kan tí ó láyà láti yá nínú rẹ̀. Ọ̀wẹ̀ ni èkejì, a sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ìwé kan wà lọ́wọ́ mi tí mo kọ orúkọ gbogbo ẹni tó wá sí, àsìkò tó dé, àsìkò tó lọ àti irinṣẹ́ tó mú wá, mo sì ṣírò rẹ̀ ní iye tí wọ́n ń san fún alágbàṣe oko. Ní Amẹ́ríkà, owó ìjọba kan wà fún irú ọ̀nà báyìí láti 1991, Recreational Trails Program, tí wọ́n ń yọ nínú owó orí epo tí àwọn ọkọ̀ inú igbó ń jó. Ẹni tó bá fẹ́ gbà á gbọ́dọ̀ mú ìpín tirẹ̀ wá, wọ́n sì lè ka òógùn àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn mọ́ ìpín náà. Mo ní kí n wò ó bóyá ó lè ṣiṣẹ́ níbí. Nígbà tí mo gbé ìwé náà lọ sí mẹ́rì, ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ wa, àpapọ̀ rẹ̀ ju gbogbo owó tó wà lọ́wọ́ wa lọ, ohùn tí wọ́n fi ń bá wa sọ̀rọ̀ sì yàtọ̀ láti ọjọ́ náà.

Ní mẹ́rì, ọ̀rọ̀ dídùn kọ́ ló ń mú owó jáde. Bí iṣẹ́ yín kò bá bá ìwé ètò ìdàgbàsókè tí wọ́n ń pè ní PDC mu, ẹ ti pẹ́ dé. A ka tiwa, a rí i pé ọ̀rọ̀ ọ̀nà oko wà nínú rẹ̀. Orúkọ yẹn náà la bá wọlé. Ọkọ̀ tó kó òkúta àti iyanrìn ni wọ́n yá wa, ìyẹn sì tó.

Ti àwọn ọmọ wa tó wà ní Kútọnu àti Èkó nìkan ló gba ọgbọ́n. Ẹ ní kí wọ́n dá owó, wọ́n á ní àwọn ti gbọ́. Ẹ ní kí ẹnì kan ra dígà kan, pẹ̀lú iye rẹ̀ àti fọ́tò rẹ̀ lórí WhatsApp, MoMo á dún kí ilẹ̀ tó ṣú. A kọ orúkọ ẹnì kan sára bùrúwẹ́ẹ̀tì, ìyẹn bárò tí a fi ń kó erùpẹ̀, tó rà, títí di òní ló máa ń pè láti béèrè bùrúwẹ́ẹ̀tì òun, àwọn ará ilé rẹ̀ ní kì í béèrè wọn tó bẹ́ẹ̀.

Àjọ òkèèrè kan tún wá, n kò ní dárúkọ wọn. Wọ́n fẹ́ kí orúkọ wọn wà lórí pátákó ní gbogbo ìyànà, kí ọ̀nà sì yà kúrò lẹ́yìn oko lọ síbi tí fọ́tò ti máa dára. A dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá tóbi ju tiwa lọ lè wo owó kéékèèké GEF, àpò owó àgbáyé fún ìtọ́jú àyíká, tí PNUD, àjọ ìdàgbàsókè ti Ìparapọ̀ Àwọn Orílẹ̀-Èdè, ń bójú tó láti 1992. Ẹgbẹ́ ìbílẹ̀ tó bá ń tọ́jú ilẹ̀ àti igbó ni wọ́n ń fún. Àmọ́ kí ẹ ní ẹni tó lè fara da ìwé kíkọ.

Kí ló wá jẹ owó jù? Oúnjẹ. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ọ̀fẹ́ ni ọ̀wẹ̀. Iyán, ọbẹ̀ ẹ̀gúsí, omi, sódábì díẹ̀ fún àwọn àgbà lẹ́yìn iṣẹ́, wọ́n ju sìmẹ́ńtì lọ.

Òjò àkọ́kọ́ tó rọ̀ gidi, a wọ bàtà rọ́bà, a gbé ọkọ́ sí èjìká, a lọ tọ ọ̀nà náà nígbà tí òjò ṣì ń rọ̀. Àsìkò yẹn nìkan ni omi máa ń fi ibi tó ń lọ hàn yín. Níbi tó bá ti dúró, a fi ọkọ́ la etí ìsàlẹ̀ sílẹ̀ fún un lójú ẹsẹ̀. Níbi tó bá ti ń tọ ọ̀nà lọ, a sàmì sí i láti padà wá fi òkúta tò ó. Láti ìgbà náà la ti pín ọ̀nà ní apá-apá fún àwọn agbo ilé: oko tiyín wà lápá ibí, ẹ̀yin lẹ ni apá ibí. Àlejò tó bá fẹ́ rìn ín máa ń gba afinimọ̀nà láàárín àwọn ọ̀dọ́ wa, ìdá kan nínú owó rẹ̀ ń wọ àpò ìyá onírẹsì fún dígà tuntun àti èèlò tó bá ṣẹ́.

Abala kejì, tó máa kọjú sí apá odò Ọkpárà, ṣì wà lórí ìwé. Èèkàn ti wà nílẹ̀, igi A ti wà nílé káfíńtà, ó ku onílẹ̀ méjì tí kò tíì tẹ ìka. Ọ̀kan nínú wọn ní kí a kọ́kọ́ wá bá òun yọ kùkùté kan lóko òun. Ọjọ́ Sátidé la ń lọ.