Bí Mo Ṣe To Ẹ̀rọ Aṣàwárí Irin Lórí Ilẹ̀ Pupa Kí Nọ́ńbà Rẹ̀ Tó Dúró

Nọ́ńbà tó ń yọ lójú ẹ̀rọ aṣàwárí irin kì í ṣe orúkọ ohun tó wà nínú ilẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Kọ́ìlì, ìyẹn wáyà tí a wé po sí abẹ́ ẹ̀rọ, ń rán agbára òòfà wọlẹ̀; agbára yìí á mú kí iná kékeré máa yí po nínú irin, bàbà tàbí fàdákà tó bá bá pàdé; iná náà á sì dá òòfà tirẹ̀ padà sí kọ́ìlì. Bí òòfà tó padà yẹn ṣe pẹ́ lẹ́yìn èyí tí kọ́ìlì rán lọ ni ẹ̀rọ ń wọ̀n, òun ló ń sọ di nọ́ńbà. Bí ohun náà ṣe tóbi, bó ṣe nípọn, bó ṣe ń gba iná kọjá, àti bó ṣe dùbúlẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló lọ́wọ́ sí i. Kí a tó gba nọ́ńbà gbọ́, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dúró lójú kan. Ohun tí mo ṣiṣẹ́ lé lórí nìyẹn ní àgbàlá ilé àtijọ́ kan ní àríwá Atlanta, ní ìpínlẹ̀ Georgia, pẹ̀lú ẹ̀rọ Minelab Equinox 800 àti kọ́ìlì ìǹṣì 11 tó bá a wá.

Ilẹ̀ apá ibẹ̀ pupa bí ilẹ̀ tí a fi ń mọ ilé nílé wa, ohun kan náà ló sì fà á: irin tó ti dípẹtà káàkiri inú amọ̀. Ẹ̀rọ ń gbọ́ ìpẹtà yẹn pẹ̀lú. Owó ẹyọ tó wà ní ìǹṣì 2 kò ní ṣòro, ṣùgbọ́n bó bá ti tó ìǹṣì 6, ohùn ilẹ̀ àti ohùn owó á pò mọ́ra, nọ́ńbà á máa fò láti ibì kan dé ibòmíràn, ẹ̀rọ tilẹ̀ lè pe owó ní ìṣó.

Onílé ló fọwọ́ sí i kí n tó wọlé. Ẹ má gbé ẹ̀rọ yìí lọ sí Kennesaw Mountain tàbí ọgbà ìjọba àpapọ̀ mìíràn tó wà lábẹ́ National Park Service o. Òfin kò gbà á rárá, kódà bí ẹ kò bá gbẹ́ nǹkan kan.

Ohun tí mo mọ̀ ni mo kọ́kọ́ fi dán ẹ̀rọ wò. Mo gbé e sórí tábìlì oníke ní ìta, torí ìṣó wà nínú tábìlì onípákó, irin sì wà nínú ilẹ̀ẹ́lẹ̀ tí wọ́n fi kọ́ńkéré ṣe. Mo wá ń gba ohun kọ̀ọ̀kan kọjá níwájú kọ́ìlì. Lójú Equinox, nọ́ńbà ń bẹ̀rẹ̀ láti -9 títí dé 40. Láti 0 wá sísàlẹ̀ jẹ́ ti irin gidi, bí ìṣó. Nínú owó ẹyọ Amẹ́ríkà, sẹ́ńtì 5 mú 12 sí 13. Sẹ́ńtì 1 tí wọ́n fi síńkì ṣe mú nǹkan bí 20. Sẹ́ńtì 10 wà ní 25 sí 26, sẹ́ńtì 25 sì wà ní bíi 30. Ẹni tí kò bá mọ̀ lè rò pé sẹ́ńtì 5 ló yẹ kó ga ju sẹ́ńtì 1 lọ, torí ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ jẹ́ bàbà. Nikẹ́lì tí wọ́n pò mọ́ ọn ni kì í jẹ́ kí iná kọjá dáadáa. Sẹ́ńtì 1 tí wọ́n ṣe ṣáájú 1982 jẹ́ bàbà ìdá 95, ó sì máa ń ga ju ti síńkì lọ, ó ń sún mọ́ sẹ́ńtì 10.

Mo fi etí agolo mínírà náà sí i, irú èyí tí a ń fà sókè. Ojú ibi tí sẹ́ńtì 5 wà gan-an ló ti dún. Òrùka wúrà tín-ín-rín náà ń bọ́ sí àdúgbò yẹn. Kò sí àtúntò kankan tó lè ya wúrà sọ́tọ̀ kúrò lára etí agolo tí nọ́ńbà wọn bá dọ́gba. Ẹni tó bá ń wá òrùka gbọ́dọ̀ gbà láti gbẹ́ etí agolo. Bẹ́ẹ̀ náà ni sẹ́ńtì 10 ti 1964, tó ní fàdákà ìdá 90, àti ti 1965, tí kò ní fàdákà rárá: nọ́ńbà wọn sún mọ́ra débi pé ojú ẹ̀rọ kò lè bá ọ mọ èyí tó jẹ́ fàdákà.

Lẹ́yìn èyí ni mo pa ẹ̀rọ, mo tún tẹ bọ́tìnnì tí a fi ń tàn án mọ́lẹ̀ títí FP fi yọ. Ìyẹn ló dá gbogbo rẹ̀ padà sí bó ṣe ti ilé iṣẹ́ wá. Mo mú Park 1, ọ̀kan nínú àwọn ètò tó wà nínú ẹ̀rọ fún oríṣiríṣi ilẹ̀, torí owó ẹyọ àti pàǹtí òde òní ló pọ̀ jù ní àgbàlá, mo sì fi í sílẹ̀ lórí Multi. Nígbà tí ẹ̀rọ bá ń lo oríṣiríṣi ìgbì pa pọ̀, nọ́ńbà rẹ̀ máa ń dúró ju ìgbà tó bá ń lo ẹyọ kan bíi 5 tàbí 40 kHz. Mo tẹ bọ́tìnnì tó ní àwòrán bàtà ẹsẹ̀ ẹṣin kí n lè máa gbọ́ irin náà, torí ohun tí a kò bá gbọ́, a kò lè mọ̀ pé ó ń da ẹ̀rọ láàmú. Mo sì yan ohùn 50, kí etí mi lè gbọ́ bí nọ́ńbà bá yẹ̀ kékeré.

Noise Cancel ló tẹ̀lé e. Mo pa fóònù, mo gbé ṣọ́bìrì jìnnà, mo gbé kọ́ìlì sókè láìmì ín, mo sì jẹ́ kí ẹ̀rọ wá ojú ìgbì tó dákẹ́ jù fúnra rẹ̀. Wáyà iná tó kọjá lókè àgbàlá ló ń fa ariwo tó ń ta pàrà-pàrà. Bí ẹ bá yí Park sí Field lẹ́yìn náà, ẹ tún un ṣe.

Ground Balance, tó ń kọ́ ẹ̀rọ láti mọ ohùn ilẹ̀ kó má bàa kà á sí nǹkan, ni mo lo àkókò lé jù. Fún Park, 0 ni ilé iṣẹ́ fi sí, 0 yẹn sì tó fún ọ̀pọ̀ ilẹ̀. Kò tó fún amọ̀ pupa. Mo wá ojú ilẹ̀ kan tí kò sí irin lábẹ́ rẹ̀: mo fi kọ́ìlì gbá a lọ gbá a bọ̀ láti ọwọ́ méjì tó kọjá ara wọn, kò dún. Níbẹ̀, mo lọ sí Ground Balance, mo tẹ bọ́tìnnì Accept/Reject mọ́lẹ̀ láìtú ọwọ́, mo sì ń gbé kọ́ìlì sókè sódò pẹrẹsẹ, láti ìǹṣì kan sókè ilẹ̀ títí dé ìǹṣì 6, títí ohùn ilẹ̀ fi rọlẹ̀ tí nọ́ńbà kò sì yí mọ́. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí èèyàn ṣe é lórí ìṣó tó fara pamọ́. Ẹ̀rọ á gbà pé ìṣó yẹn ni ilẹ̀, gbogbo nọ́ńbà tó bá tẹ̀lé e á sì wọ́. Mo ṣe é níbi mẹ́ta tó jìnnà síra. Iye wọn kò jìnnà síra, ìyẹn ló fi yé mi pé ó ti bọ́ sí i.

Ó wá ku Sensitivity, tó ń lọ láti 1 sí 25. Ìwà tí gbogbo wa ń hù ni ká gbé e sókè kó lè gbọ́ ohun tó jìn. Lórí amọ̀ pupa, ohùn ilẹ̀ ló ń kọ́kọ́ ga. Mo bẹ̀rẹ̀ láti 20, mo lọ sí 23, ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ kántankàntan. Mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan títí ó fi dákẹ́ nígbà tí kọ́ìlì ń lọ, 17 ló dé.

Kí n lè mọ̀ bóyá 17 tó, mo nílò owó tó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tú. Bí a bá gbẹ́ ihò tí a sin owó sí i lónìí, amọ̀ tó ti tú yẹn kì í dáhùn bí amọ̀ tó ti dì láti ọjọ́ pípẹ́. Mo fi páìpù PVC tín-ín-rín wọ ilẹ̀ ní ìdàgẹ̀rẹ̀, kí ilẹ̀ tó wà lókè ibi tí owó máa wà má bàa tú, mo sì so sẹ́ńtì 10 mọ́ orí igi tẹ́ẹ́rẹ́, mo tì í wọlé. Ní ìǹṣì 4, nọ́ńbà kò kúrò ní 25 àti 26. Ní ìǹṣì 6 ó ń lọ láàárín 22 àti 28, ṣùgbọ́n kò já sí irin mọ́. Nígbà tí mo gbé Sensitivity padà sí 22 níbẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í fò dé -3.

Recovery Speed ń lọ láti 1 sí 8. Bó bá ga, ẹ̀rọ á tètè gbọ́ nǹkan méjì tó wà nítòsí ara wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ṣùgbọ́n ohun tó jìn á fẹ́lẹ́. Mo fi í sí 5. Iron Bias ló nílò ìdájọ́. Ó ń pinnu bí ẹ̀rọ ṣe máa tètè pe ohùn àdàlù ní irin. Mo tẹ́ ìṣó sílẹ̀, mo fi sẹ́ńtì 10 sí ìǹṣì kan sí i. Lórí F2, irú Iron Bias tí mo lò, owó náà sọnù pátápátá ní 9. Ní 0, owó dún ketekete, ṣùgbọ́n ìṣó tó wọ́ náà ń dún bí owó. Mo fi í sí 4, mo sì gbà pé màá gbẹ́ ìṣó díẹ̀. Ẹni tó bá ń wá owó ní ibi tí ilé ti wó, tí ìṣó kún, kó má gbé e kọjá ibẹ̀.

Bó o bá ń gbá kọ́ìlì, jẹ́ kó wà ní ìǹṣì kan sókè ilẹ̀, kó tẹ́jú títí dé ìparí ọwọ́. Bó bá ń gbéra lápá méjèèjì bíi pẹ́ńdúlọ̀mù, jíjìn ilẹ̀ ń yí padà, nọ́ńbà á sì yí padà pẹ̀lú rẹ̀. Bí nǹkan bá dún, mo yí ara mi padà sí ẹ̀gbẹ́ kí kọ́ìlì lè gbà á kọjá láti ọ̀nà kejì. Owó ẹyọ tó tẹ́jú máa ń dáhùn bákan náà. Ìṣó tó ń ṣe bí owó á já sísàlẹ̀ 0, bọ́tìnnì Pinpoint á sì tọ́ka sí ibòmíràn.

Ìdérí ìgò onírin ló ń tan ènìyàn jù, torí pé ó jẹ́ irin pẹrẹsẹ, ó sì lè dún ní ibi tí owó wà. Fún un, mo ń fa kọ́ìlì sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ títí tí orí kọ́ìlì nìkan fi wà lórí rẹ̀. Owó á máa dún bó ṣe ń dún, ohùn á kàn máa kéré sí i. Ìdérí á bẹ̀rẹ̀ sí í kùn bí irin.

Mo fi gbogbo rẹ̀ pamọ́ sí User Profile. Ṣùgbọ́n bí òjò bá ti rọ̀ sórí amọ̀ náà, Ground Balance ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe kí ẹ tó gbá kọ́ìlì.