Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nínú sísan owó oṣù òṣìṣẹ́ ilé

Iṣẹ́ mi ní Abẹ́òkúta ni kí n máa bá àwọn onílé wá ẹni tí yóò máa dáná, tí yóò máa fọṣọ tàbí tí yóò máa tọ́jú àgbàlagbà, ọ̀dọ̀ mi sì ni wọ́n ń gbé ìjà owó oṣù wá. Fífi owó lé òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ kò burú rárá. Òfin iṣẹ́ Nàìjíríà gan-an ni ó ní owó tí a ń ná ni kí a san, kì í ṣe nǹkan mìíràn. Bí àwọn ènìyàn ṣe ń san án ni ó ń kó ìbànújẹ́ báni.

Èkínní, ẹ má ṣe gba ènìyàn síṣẹ́ láìfẹnu kò lórí iye owó àti ọjọ́ tí ẹ óò máa san án.

Èkejì, ẹ má ṣe fi ìrẹsì àti ògbólógbòó aṣọ dípò owó oṣù.

Ẹ̀kẹta ni èyí tí ó ń bí mi nínú jù: "Mo ń bá a tọ́jú owó rẹ̀ ni." Wọ́n ń sọ ọ́ ní Ìbarà, wọ́n ń sọ ọ́ ní Obantoko. Ìyá kan gba ọmọbìnrin kan lọ́wọ́ mi, ó ní kí n fọkàn balẹ̀, pé bí ó bá di Kérésìmesì, òun yóò kó gbogbo owó rẹ̀ fún un lẹ́ẹ̀kan náà, kí ó má baà ná an ní ìná-àpà. Kérésìmesì dé, owó náà ti bá owó ilé ìwé àwọn ọmọ ìyá náà lọ. Ni ó bá fi ẹ̀yìn ti àga mi, ó ń ka gbèsè láti orí fóònù: owó ọṣẹ, owó oògùn ibà, owó àwo tí ó fọ́. Ọmọ náà jókòó sí eteetí bẹ́ǹṣì, ó ń fi ìka ka oṣù tí ó ti ṣiṣẹ́. Èmi tí n kò lè parí ìjà inú ilé mi ni mo wá di adájọ́. Òfin kò gba irú èyí: bó pẹ́ bó yá, owó iṣẹ́ kò gbọdọ̀ kọjá oṣù kan kí a tó san án. Alájọ tí ń rìn káàkiri ọjà Kútọ̀ pàápàá a máa fún ènìyàn ní káàdì, a sì máa sàmì sí i lójú rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń bá ọmọlọ́mọ tọ́jú owó, káàdì wo ni ẹ fún un? Bí ó bá fẹ́ fi owó pamọ́, ẹ mú un lọ sí báńkì kí ó ṣí àkáǹtì tirẹ̀.

Ti àwo yẹn náà, ẹ kò gbọdọ̀ dá yọ owó rẹ̀: àfi bí òṣìṣẹ́ bá mọ̀ọ́mọ̀ ba nǹkan jẹ́ tàbí tí ó ṣe àìbìkítà, tí aláṣẹ ètò iṣẹ́ ìjọba sì ti fọwọ́ sí i ní kíkọ sílẹ̀ ṣáájú.

Ẹ má san owó oṣù fún ẹni tí ó mú òṣìṣẹ́ wá, títí kan èmi náà. Owó iṣẹ́ tèmi ni kí ẹ fún mi.

Bí ẹ bá gba owó lọ́dọ̀ oníPOS ní Panseke, ẹ̀yin ni kí ẹ san owó tí ó gbà lórí rẹ̀.

Ẹ ra ìwé àkọsílẹ̀ kékeré. Ẹ kọ ọjọ́, iye owó àti oṣù tí ó wà fún, kí òṣìṣẹ́ fọwọ́ sí i tàbí kí ó tẹ̀ka, kí òun náà sì ní ìwé tirẹ̀ lọ́wọ́.

Àwọn kan sì wà tí wọ́n ti há òfin sórí. Wọ́n ní owó oṣù tí ó kéré jù lọ, tí ó di 70,000 náírà ní ọdún 2024, kò de ẹni tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n iye kan náà ni wọ́n ń ta gàrí fún òṣìṣẹ́ ilé àti fún òṣìṣẹ́ ìjọba. Ẹni tí agbára rẹ̀ kò bá ká owó oṣù gidi, kí ó gba ẹni tí yóò máa wá lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, tí yóò sì máa lọ sílé rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Irú wọn wà lọ́wọ́ mi.