Bí mo ṣe ń dán tàdáwà aláwọ̀ wò kí n tó fi kọ ìwé ìwọ̀n

Aránṣọ ni mí, ní Mọ́kọ́lá n'Ìbàdàn. Bí ìwé ìwọ̀n mi bá sọnù, ẹ bá mi ti ṣọ́ọ̀bù pa. Báírò ni mo fi ń kọ ọ́ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀tù ṣọ́ọ̀kì máa ń kún ojú ìwé, báírò á máa fo ọ̀rọ̀, èèyàn á wá máa tẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń gbẹ́ igi. Oníbàárà mi kan tó ti Lọ́ńdọ̀nù wá ṣe ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ ló fún mi ní gègé onítàdáwà, Lamy Safari ti Jámánì, pẹ̀lú ìgò tàdáwà kékeré 30 ml. Diamine ló ṣe tàdáwà náà, ilé iṣẹ́ tó wà ní Liverpool, tó sì ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí láti ọdún 1864. Oxblood ni wọ́n pe àwọ̀ rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ màlúù. Lójú tèmi, osùn ni, osùn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi omi pò.

Ó wù mí débi pé ọjọ́ náà gan-an ni mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìwọ̀n. Aṣọ ẹbí èèyàn mọ́kànlá ni. Tàdáwà ti di ihò òkè 8 obìnrin kan pa, ọmọ iṣẹ́ mi sì ka 38 sí 36. Bùbá kò gba àyà kọjá. Èmi ni mo fi owó ara mi ra léèsì mìíràn, kì í ṣe ọmọ náà ló jẹ̀bi. Láti ìgbà yẹn, tàdáwà kan kì í wọ ìwé mi tí n kò bá kọ́kọ́ dán an wò.

Ẹ kọ́kọ́ fọ gègé. Omi tútù lásán tó, ẹ má lo omi gbígbóná, ike ni. Kọ̀nfátà ni ọ̀pá kékeré inú rẹ̀ tó ń fa tàdáwà. Ẹ máa fi fa omi, ẹ máa tú u dà, títí omi yóò fi mọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ fi tíṣù sí ìsàlẹ̀ ife, kí ẹ dojú ẹnu gègé kọ ọ́ mọ́jú. Omi tó bá ṣẹ́ kù níbẹ̀ á mú kí tàdáwà ṣàn bíi zóbò tí wọ́n bomi là, ẹ ó sì máa bú ẹni tí kò ṣẹ̀. Ìdajì kọ̀nfátà péré ni kí ẹ fà, nítorí tí kò bá dára, dídà ni ẹ ó dà á nù.

Ìwé gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ẹnikẹ́ni tó bá dán tàdáwà wò lórí ìwé olówó ńlá, ìwé náà ló ń yìn. Mẹ́ta ni mo máa ń tò sílẹ̀: ìwé àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ìwé ẹlẹ́yìn líle tí mo fi ń kọ ìwọ̀n, àti ìwé A4 tí wọ́n fi ń ṣe fọ́tòkọ́pì. Ohun tí ẹ máa ń kọ lójoojúmọ́ ni kí ẹ kọ sórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èmi máa ń kọ 36, 38, 39, 46, 48, torí pé ihò wọn ló máa ń tètè dí. Mo máa ń kọ orúkọ alámì ìsàlẹ̀ náà: Ṣọlá, Ẹniọlá, Ọmọ́wùmí. Tí tàdáwà bá ń fọ́n ká, àmì abẹ́ ẹ àti ọ á lẹ̀ mọ́ lẹ́tà, gbogbo rẹ̀ á di ìdọ̀tí kan. N kò rí adájọ́ tó dà bí àmì yẹn.

Ẹ wá gbé ojú sún mọ́ ọn. Ṣé etí lẹ́tà mọ́, àbí ó ń ta gbòǹgbò? Ẹ ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ wò: ṣé òjìji lásán lẹ rí, àbí tàdáwà ti yọ sí òdìkejì tí ẹ kò fi lè kọ nǹkan síbẹ̀ mọ́? Lórí ìwé ọmọ ilé ẹ̀kọ́, Oxblood ta gbòǹgbò bí ewúro. Lórí A4, ó sàn díẹ̀. Lórí ìwé ẹlẹ́yìn líle, ó dúró ṣánṣán. Ẹ má tíì dá tàdáwà lẹ́bi o, ẹnu gègé náà ní ẹjọ́ tirẹ̀. M ni wọ́n kọ sára tèmi, ó sì ń pọ tàdáwà jáde. Nígbà tí mo wá F, tó tín-ín-rín jù ú lọ, ihò 8 là. Ti Lamy kò ṣòro láti pààrọ̀: ẹ lẹ sẹ́lótéèpù mọ́ ọn lórí, ẹ fà á síwájú tààrà, á bọ́.

Fún gbígbẹ, ẹ fa ìlà mẹ́rin, kí ẹ máa fi ìka nù wọ́n ní ìṣẹ́jú-àáyá 5, 10, 20 àti 30. Lórí ìwé ẹlẹ́yìn líle, ó ṣì fà ní 10, ó dúró ní 20. Lórí ìwé ọmọ ilé ẹ̀kọ́, kíá ló gbẹ. Ẹ má jẹ́ kí ìyẹn tàn yín jẹ: ìwé tó ń mu ún kíá náà ló ń jẹ́ kó ta gbòǹgbò. Lásìkò òjò, ẹ fi kún iye tí ẹ kà. Ẹni tó bá ń fi ọwọ́ òsì kọ̀wé ni kó fọwọ́ pàtàkì mú ìdánwò yìí jù, ọwọ́ rẹ̀ ló ń gba orí ọ̀rọ̀ kọjá.

Omi ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí ìwé gbẹ mọ́jú, ẹ kán píọ̀wọ́tà lé e, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ fi tíṣù tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin lọ ilé kéwú. Tàdáwà tó fi ń kọ wàláà, kí wọ́n lè fọ̀ ọ́ nù ni wọ́n ṣe ṣe é. Oxblood fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bẹ́ẹ̀. Ó fi òjìji sílẹ̀, mo ṣì rí nọ́ńbà náà kà, ṣùgbọ́n mo ní láti súnjú. Ìwé mi ò gbọ́dọ̀ jókòó nítòsí áyọ́ọ̀nù olómi mọ́.

Mo tún kán an sórí àkékù kọ́tìn funfun, mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Kò kúrò. Nítorí náà gègé kì í dé orí tábìlì tí a ti ń gé aṣọ, kódà pẹ̀lú ìdérí. Ọmọ iṣẹ́ mi ní, "Màmá, ẹ̀rù gègé ń bà yín ju ti abẹ lọ." Òótọ́ ni.

Ẹ ṣí ìdérí sílẹ̀ lábẹ́ fáànù fún ìṣẹ́jú kan, mẹ́ta, márùn-ún, kí ẹ wo ìgbà tí kò ní kọ mọ́. Ẹ tún dé e, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Tó bá jẹ́ pé ìgbà ọyẹ́ lẹ fi ra tàdáwà, ìgbà ọyẹ́ náà ni kí ẹ dán èyí wò, kò sí ìdánwò tó le jù ú lọ.

Kẹ́yìn, ẹ fi iná tí ẹ máa ń lò lálẹ́ ka ojú ewé méjì gbáko, kí ẹ sì ya fọ́tò rẹ̀. Mo máa ń fi ìwọ̀n ránṣẹ́ sí ẹni tó ń bá mi gé aṣọ lórí WhatsApp; tàdáwà tí àwọ̀ rẹ̀ bá fúyẹ́ jù á pòórá nínú fọ́tò. Oxblood kò pòórá. Ti oòrùn ò tíì parí: mo lẹ ìwé kan mọ́ fèrèsé, mo fi páálí bo ìdajì, oṣù kan ni mo máa ń fún un, torí pé pupa wà lára àwọn àwọ̀ tí oòrùn máa ń tètè jẹ.

Ní báyìí, tàdáwà mìíràn, Quink aláwọ̀ búlúù-dúdú, ni mo fi ń kọ nọ́ńbà. Orúkọ oníbàárà àti owó tó ṣẹ́ kù lọ́wọ́ rẹ̀ ni mo fi Oxblood kọ, pupa rẹ̀ sì ń jẹ́ kí n tètè rí gbèsè.