Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ tí ẹ̀yin ọlọ́mọ púpọ̀ máa ń ṣe ní ìparí ọdún: aṣọ eré, ọjọ́ ìbí àti owó tó ń ṣòfò

Disẹ́ńbà tún ti ń bọ̀, mo sì ti mọ ohun tí ojú mi máa rí. Iṣẹ́ aránṣọ ni mò ń ṣe, aṣọ eré, ìyẹn aṣọ táwọn ọmọdé máa ń wọ̀ ṣe eré Kérésì, ló pọ̀ jù nínú ẹ̀, ọmọ márùn-ún lèmi fúnra mi bí, àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n àti ọmọ àbúrò tó máa ń kún ilé wa lásìkò ọdún ò sì kéré. Mẹ́rin nínú gbogbo wọn ló jẹ́ pé Disẹ́ńbà la bí wọn. Nítorí náà kì í ṣe ohun tí wọ́n sọ fún mi ni mo fẹ́ sọ. Ọdọọdún ni mò ń rí àwọn òbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n ń da owó sómi, inú sì máa ń bí mi, torí ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń náwó lé lórí yẹn, ọmọ ò tiẹ̀ béèrè fún un. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe wà lọ́kàn mi.

1. Ẹ má fi orí mọ déètì. Bí ọmọ bá ti ju méjì lọ, orí ò gbà á mọ́. Ẹ lẹ pépà ńlá kan mọ́ ògiri láti Nòfẹ́ńbà, ẹ kọ ọjọ́ eré, ọjọ́ ìdánrawò, ọjọ́ ìbí, àti ọjọ́ tí aṣọ gbọ́dọ̀ jáde lọ́wọ́ aránṣọ sí i, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀ bírò tiẹ̀. Tí méjì bá forí gbárí, ẹ má máa wá ẹni tẹ́ ẹ máa bá jà. Àwọn oníṣirò ti ṣe é rí: tí èèyàn bá ti pé 23 níbì kan, ó ti ṣeé ṣe ju kó má ṣeé ṣe lọ pé méjì nínú wọn jọ ní ọjọ́ ìbí kan náà. Ẹ ka mọ̀lẹ́bí yín wò, tàwọn ìyàwó, tàwọn ọkọ, tàwọn ọmọ, kẹ́ ẹ wo iye tẹ́ ẹ máa jẹ́.

2. Aṣọ eré. Ibí gan-an ló ń dùn mí.

Ẹ gbọ́, aṣọ eré kì í ṣe aṣọ fọ́tò. Òbí á mú ọmọ wá, á ní kó dúró níwájú dígí, kó yí sọ́tùn-ún kó yí sósì, ó ti tán nìyẹn, ó bá a mu, wọ́n á sanwó wọ́n á lọ. Ọjọ́ eré ni wọ́n á tó mọ̀ pé ọmọ tó ń ṣe olùṣọ́ àgùntàn máa kúnlẹ̀, pé èyí tó ń ṣe áńgẹ́lì máa na ọwọ́ sókè, pé ọba máa gun àtẹ̀gùn kó tó dé orí stéèjì. Aṣọ á ya lábẹ́ abíyá, adé á bọ́ bo ojú, ọmọ á tẹ etí aṣọ ara ẹ̀ mọ́lẹ̀ á sì ṣubú níwájú gbogbo èèyàn. Owó yẹn ti lọ, ẹkún ló kù.

Tí mo bá ń dán aṣọ wò fún ọmọ, ohun mẹ́rin ni mo máa ń ní kó ṣe: kó na ọwọ́ méjèèjì sókè, kó kúnlẹ̀ kó dìde, kó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kó gun àtẹ̀gùn láì fọwọ́ gbé aṣọ. Ìkarùn-ún ni pé kó wọ ilé ìtọ̀ lọ nínú aṣọ yẹn, kó dá bọ́ ọ, kó dá wọ̀ ọ́. Mo ti rí ọmọ ọdún márùn-ún kan tí síìpù aṣọ ẹ̀ wà lẹ́yìn látọrùn dé ìdí, kò rẹ́ni tó máa bá a sí i, ó tọ̀ sára kó tó kàn án láti jáde, ó wá lọ fara pamọ́ sẹ́yìn àga, kò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni wo òun. Rọ́bà níbàdí àti bọ́tìnnì méjì níwájú ì bá ti gba ọmọ yẹn lọ́wọ́ ìtìjú.

Èmi náà ti jẹ̀bi rí. Wọ́n ní kí ọmọ mi kẹta ṣe àgùntàn. Mo rán fìlà àgùntàn fún un, mo ki òwú tó nípọn sínú ẹ̀, mo gán etí méjì mọ́ ọn tó balẹ̀ dáadáa, gbogbo ẹni tó rí i ló ń yìn ín. A ò dán an wò níbi tí ariwo wà. Lọ́jọ́ eré, àwọn àgùntàn yòókù jáde, tèmi ò jáde. Mò ń rí bàtà ẹ̀ lábẹ́ kọ́tìnnì, ẹsẹ̀ méjèèjì pa pọ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, ó ń retí kí wọ́n pe òun. Wọ́n sì ti pè é. Òwú tí mo kì sí i létí ni ò jẹ́ kó gbọ́. Ìgbà tó máa fi jáde, orin ti ń parí. Nígbà tá a délé ó bi mí pé, “Màmá, ṣé wọn ò pè mí ni?” Láti ọjọ́ náà mi ò bo etí ọmọ kankan mọ́, mo máa ń gé àlàfo síbi etí ọmọ ni, kí n tó gán etí àgùntàn sókè ẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bí mẹ́rin márùn-ún, kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń rán tuntun fún olúkúlùkù lọ́dọọdún? Aṣọ funfun gbọọrọ kan ti tó. Ẹ ní kí aránṣọ ṣẹ́ etí ẹ̀ sínú ní ìwọ̀n ìka mẹ́rin, nísàlẹ̀ àti lọ́wọ́. Áńgẹ́lì ni lọ́dún yìí. Lọ́dún tó ń bọ̀ ẹ tú ìṣẹ́tí yẹn, ẹ so ìgbànú mọ́ ọn, olùṣọ́ àgùntàn ni. Ẹ ju aṣọ elése àlùkò lé e léjìká, ọba ni. Iṣẹ́ mi ni mo ní kẹ́ ẹ dín kù yìí, mo mọ̀, ṣùgbọ́n òótọ́ ọ̀rọ̀ ni.

Ẹ má gbé aṣọ wá nígbà tó ku ọjọ́ méjì, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ó kéré tán. Ẹ má fi okùn sí ọrùn aṣọ ọmọdé, ó máa ń há mọ́ nǹkan, ó sì lè fún ọmọ lọ́rùn. Tí àbẹ́là bá máa wà lórí stéèjì, kó jẹ́ oníbátìrì, torí aṣọ náílọ́ọ̀nù tó bá gbiná máa ń yọ́ lẹ̀ mọ́ ara ni.

3. Ẹ má fi Kérésì bo ọjọ́ ìbí ọmọ mọ́lẹ̀. Èyí ò kan owó, ṣùgbọ́n ó dùn mí ju ti owó lọ. Ọjọ́ 24 Disẹ́ńbà ni mo bí ọmọ mi kejì. Ọdọọdún làwọn èèyàn ń gbé ẹ̀bùn ẹyọ kan wá pé ti ọjọ́ ìbí àti ti ọdún ni, èmi náà á sì dúpẹ́. Ọdún tó pé méje, ó kó àwọn àbúrò ẹ̀ jókòó, ó ń fi ìka kà á fún wọn: “Ìwọ gba méjì, ìwọ náà gba méjì, èmi gba ẹyọ kan.” Kò bínú o, ó kàn ń kà á ni. Mo wà nídìí máṣíìnì mi, mo gbọ́ ọ, mi ò lè tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ọn mọ́.

Látìgbà náà, títí di ọ̀sán ọjọ́ 24, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ dárúkọ Kérésì nínú ilé wa. Pépà tá a fi ń di ẹ̀bùn ẹ̀ yàtọ̀. Tí tiyín bá le ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ gbé pátì ẹ̀ lọ sí ọjọ́ 24 Júùnù, oṣù mẹ́fà géérégé, kí Disẹ́ńbà wà fún orin àti àdúrà. Tí ọmọ mẹ́ta bá sì jọ ń ṣe é pọ̀, kò burú, àwa náà ń ṣe é, kéèkì kan náà ni, ṣùgbọ́n àbẹ́là lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, orin lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹni tó bá kàn á fẹ́ tiẹ̀ pa, a ó tún tan ti ẹnì kejì. Kì í gbà wá ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ.

Ohun ọ̀ṣọ́ tí wọ́n kọ ọjọ́ orí ọmọ sí, ẹ má rà á, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lẹ máa lò ó.

Ọmọ ọdún mẹ́rin ò nílò ogójì àlejò. Márùn-ún tó mọ orúkọ wọn ti tó o.

Gbogbo mọ̀lẹ́bí kì í lọ wo gbogbo eré. Ẹ pín in. Ojú ẹnì kan ni ọmọ ń wá láti orí stéèjì, màmá ẹ̀ ni o, bàbá ẹ̀ ni o, ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ni o, kí ẹni náà ti sọ fún un látilé pé ọwọ́ ọ̀tún lẹ́bàá ilẹ̀kùn lòun máa jókòó sí. Ẹni mẹ́wàá tó wọlé nígbà tí eré ti dé ìdajì ò wúlò fún ọmọ.

Fóònù ńkọ́? Ẹnì kan ṣoṣo ni kó ya fídíò, kó mú fóònù ní ìbú, kí àwọn tó kù fi ojú wo ọmọ. Ẹ pa ohun tẹ́ ẹ ò lò nínú fóònù rẹ́ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Fídíò 4K, èyí tó mọ́ kedere gan-an, lè gba tó 400MB àyè nínú fóònù ní ìṣẹ́jú kan, ẹ lo 1080p tí kì í gba àyè tó bẹ́ẹ̀, ó dáa tó. Kẹ́ ẹ sì tó gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ bi òbí àwọn ọmọ tó kù léèrè.

Oorun. Ọmọ ọdún 6 sí 12 yẹ kó sun wákàtí 9 sí 12, àwọn kékeré tó wà ní 3 sí 5 yẹ kó sùn tó 10 sí 13, oorun ọ̀sán wà nínú ẹ̀. Tí ìdánrawò bá ti gba alẹ́ mẹ́ta léraléra, ẹ má tún gbé pátì ìbátan lé e. Ọmọ tí kò sùn ló ń sunkún lórí stéèjì, ẹ má pè é ní aláìgbọràn.

Fèrè rọ́bà tá à ń fẹ́ kó wú, ìyẹn bàlúùnù náà: èyí tó bá bẹ́, ẹ ṣa gbogbo àkísà ẹ̀ kíá, torí ó máa ń há ọmọdé lọ́nà ọ̀fun, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́jọ máa fẹ́ ẹ fúnra ẹ̀. Èyí tí wọ́n fi gáàsì kún, tẹ́ ẹ bá kún un lálẹ́, ó lè ti wálẹ̀ kí àlejò tó dé.

Tí gbogbo ẹ̀ bá wá parí, ẹ má ju aṣọ eré sínú àpótí pẹ̀lú òógùn lára. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ sá a, ẹ wo ibi tó ya, ẹ wọn gígùn ẹ̀, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sórí pépà pẹ̀lú orúkọ ọmọ tó kàn lọ́dún tó ń bọ̀, kẹ́ ẹ fi pín-ìn-nì há a mọ́ ọrùn aṣọ. Fìlà àgùntàn yẹn wà nínú àpótí mi báyìí, mo ti gé ibi etí ẹ̀, orúkọ àbíkẹ́yìn mi ló wà lára pépà ẹ̀.