Kí Ẹ Tó Sanwó MRI Gbogbo Ara

Ọmọ tó wà ní Kánádà ló sábà máa ń dá a lábàá. Ó ti rí i lórí fóònù pé àwọn olówó ń wọ inú ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń pè ní MRI, tó ń ya àwòrán ara láti orí dé ẹsẹ̀, ló bá pe Bàbá ní Bódìjà: “Dádì, mo máa fowó ránṣẹ́, ẹ lọ ṣe é.” Ara Bàbá le koko, owó sì ń bọ̀. Ṣé kí wọ́n lọ? Bó ṣe yẹ kí wọ́n rò ó rèé.

1. Ẹ mọ ohun tí wọ́n fẹ́ tà fún yín

MRI gidi jẹ́ ẹ̀rọ ńlá tó gba yàrá kan tán. Òòfà tó lágbára gan-an àti ìgbì rédíò ló fi ń ya àwòrán, kò sí ìtànṣán X-ray níbẹ̀. Ẹ ó dùbúlẹ̀, wọ́n á tì yín wọnú ihò rẹ̀, á máa pariwo gbàgàgbàgà, ẹ ò sì gbọ́dọ̀ mira. Ti gbogbo ara máa ń tó wákàtí kan, nígbà mìíràn ó máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Èyí tí àwọn tó ń ta oògùn afúnnilókun máa ń gbé wá sí ṣọ́ọ̀ṣì àti ẹ̀gbẹ́ títì ní Dùgbẹ̀ ńkọ́, tí wọ́n á ní kí ẹ di irin kan mú lọ́wọ́, tí kọ̀ǹpútà á sì sọ ní ìṣẹ́jú kan pé kíndìnrín yín ti ń rẹ̀ ẹ́? Ìyẹn kì í ṣe MRI. Kì í tiẹ̀ ṣe àyẹ̀wò. Oògùn tí wọ́n fẹ́ tà ló ń sọ̀rọ̀.

2. Bí nǹkan kan bá ń ṣe yín, ẹ dúró níbí

Kókó nínú ọmú, ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, ara tó ń rù láìnídìí, orí tó ń fọ́ lọ́nà tí kò fọ́ rí: dókítà ni kí ẹ lọ rí. Òun ló máa mọ ibi tó yẹ kí wọ́n yẹ̀ wò àti ohun tí wọ́n máa fi yẹ̀ ẹ́ wò. MRI gbogbo ara ń kọjá lórí ibi gbogbo ni, kì í jókòó ti ibì kan. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń bá ìgbẹ́ rẹ̀ jáde, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ kámẹ́rà tí wọ́n ń tì gba ìdí wọ ìfun ló nílò.

3. Ẹ wádìí ìdílé yín

Àwọn kan wà tí MRI gbogbo ara lọ́dọọdún wúlò fún lóòótọ́, irú àwọn tó jogún àrùn tí wọ́n ń pè ní Li-Fraumeni, tí oríṣiríṣi jẹjẹrẹ lè mú láti kékeré. Bí jẹjẹrẹ bá ti mú ẹbí tó sún mọ́ yín bíi mélòó kan, pàápàá kí wọ́n tó pé àádọ́ta ọdún, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ gbé e lọ bá dókítà ní UCH, ilé ìwòsàn ńlá tó wà ní Ìbàdàn. Àwọn àgbà á sọ pé ayé ló ṣe é. Ẹ fọgbọ́n wádìí sí i: ibo ló ń dùn wọ́n? Ṣé wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún wọn?

Ẹni tí kò sí èyí nínú ìdílé rẹ̀, tí nǹkan kan ò sì ṣe, American College of Radiology, ẹgbẹ́ àwọn dókítà tó ń ka àwòrán ní Amẹ́ríkà, sọ ní 2023 pé ẹ̀rí kò tíì tó láti gbà á nímọ̀ràn pé kó ṣe é.

4. Ẹ ro ohun tó máa tẹ̀ lé èsì

Ibí ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹ̀rọ yìí rí nǹkan púpọ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tó sì ń rí kò ní pa ẹnikẹ́ni lára: kókó olómi nínú kíndìnrín, kókó kékeré lọ́rùn, fibroid, egungun ẹ̀yìn tó ti gbó díẹ̀ lára ẹni tí ẹ̀yìn ò dùn rí.

Ìwé èsì á dé. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n á kọ ọ́ sí: nǹkan kan wà nínú ẹ̀dọ̀, ó tó mìlímítà méjìlá, ó jọ èyí tí kò léwu, ẹ tún un yẹ̀ wò lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Ta ló máa fi oṣù mẹ́fà sùn? Mọ́mì á bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀. Ọmọ tó wà ní Kánádà á máa pè láàárọ̀ lálẹ́. Wọ́n lè ní kí ẹ ya òmíràn tí wọ́n á gún abẹ́rẹ́ sí, tàbí kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ gé díẹ̀ níbẹ̀, ìyẹn náà sì lè mú ẹ̀jẹ̀ dà.

Nítorí náà, kí ẹ tó gba owó àkọ́kọ́, ẹ bi ọmọ yín léèrè ta ló máa san ti ẹlẹ́ẹ̀kejì. Bí owó tó wà nílẹ̀ bá máa tán sórí àwòrán nìkan, èmi ò ní ní kí ẹ lọ.

5. Ẹ kọ́kọ́ ṣe àwọn tí owó wọn ò wọ́n

MRI kò ní sọ fún yín pé ẹ̀jẹ̀ yín ń ru, bẹ́ẹ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru ló ń fa rọpárọsẹ̀ jù. Kò ní rí ìtọ̀ ṣúgà. Àyípadà ẹnu ilé ọmọ tó lè di jẹjẹrẹ lọ́la lè bọ́ lójú rẹ̀. Ẹ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ yẹ ṣúgà àti kíndìnrín wò, ẹ ṣe ti hepatitis B, àrùn tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Kí obìnrin yẹ ẹnu ilé ọmọ wò, kó sì bá dókítà sọ̀rọ̀ mammogram, ìyẹn àwòrán X-ray ọmú, bó bá ti pé ogójì ọdún. Kí ọkùnrin béèrè nípa próstéètì.

6. Bí ẹ bá ṣì fẹ́ lọ

Ẹ béèrè agbára òòfà wọn: 1.5 Tesla tàbí 3 ló dára, àwọn kan kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ṣé gbogbo ara lóòótọ́ ni, àbí orí, ẹ̀yìn àti ikùn nìkan? Ta ló máa ka àwòrán, ṣé á fọwọ́ sí i? Bí iná bá lọ láàárín iṣẹ́ ńkọ́?

Ẹ jẹ́wọ́ gbogbo irin tó wà lára yín fún wọn: ẹ̀rọ inú àyà, ọta ìbọn, irin tí wọ́n fi to egungun. Wẹ́dà tí irin ti ta sí lójú rí gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Òrùka, ìfúnpá, pín-ìnnì inú wíìgì, gbogbo rẹ̀ á bọ́ sílẹ̀. Ẹni tó lóyún tàbí tí kíndìnrín rẹ̀ ò dáa, kó sọ ọ́ kí wọ́n tó gún un lábẹ́rẹ́ kankan.

Ẹ gba CD àwòrán pẹ̀lú ìwé èsì, kí ẹ gbé méjèèjì lọ bá dókítà yín kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí WhatsApp ẹbí. Ẹ tọ́jú CD náà dáadáa, torí dókítà tó bá tún yà yín lọ́jọ́ iwájú á fẹ́ fi tuntun wé e.