Bí ẹ ṣe lè gbọ́ mànàmáná láti Èkìtì, àti ibi tí súfèé rẹ̀ ń gbà lọ

Bí mànàmáná bá kọ ní Kamẹrúùnù lálẹ́ òní, ẹni tó jókòó sí oko rẹ̀ lẹ́yìn Ẹ̀fọ̀n-Aláayè lè gbọ́ ọ. Ìgbì rédíò ni mànàmáná ń ta síta, ìgbì náà sì rẹlẹ̀ débi pé etí gbà á bí a bá ti sọ ọ́ di ohùn.

Ẹ kan férémù onígi tí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan rẹ̀ gùn ní mítà kan. Ẹ wé irú wáyà kọ́pà tí àwọn tó ń tún fáànù ṣe ń lò mọ́ ọn ní ìgbà 50 sí 100. Ẹ fi iná yọ ọ̀dà orí rẹ̀ méjèèjì, kí ẹ so wọ́n mọ́ wáyà tó ń wọ ihò máìkì kọ̀ǹpútà alágbèéká. Ètò Audacity, ọ̀fẹ́ ni, ó tó láti gba ohùn náà sílẹ̀.

Ibi tí ẹ bá gbé e sí ló ṣe pàtàkì jù. Láàárín Adó, hùùù wáyà iná nìkan ni ẹ ó máa gbọ́. Ẹ lọ sóko, kí ẹ yọ ṣájà kúrò, kí ẹ máa yí férémù títí hùùù náà yóò fi rọlẹ̀. Àsìkò ọyẹ́, lẹ́yìn aago mẹ́sàn-án alẹ́, ló dára jù. Bí àrá bá ń sán nítòsí, ẹ tú gbogbo rẹ̀, ẹ wọlé: Ṣàngó kì í báni ṣeré.

Ohun tí ẹ ó kọ́kọ́ gbọ́ ni pà-pà-pà bíi gúgúrú tó ń ta nínú ìkòkò. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú dáadáa, “píyún, píyún” bí ohùn ẹyẹ yóò dara pọ̀ mọ́ ọn. Ìyẹn ni ìgbì tó ń forí gbá ilẹ̀ àti ìsàlẹ̀ plasma òkè, ní nǹkan bíi kìlómítà 90, bó ti ń bọ̀. Plasma ni afẹ́fẹ́ tí oòrùn ti já ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kúrò lára rẹ̀, tó fi ń gbé iná.

Súfèé ńkọ́? Barkhausen ará Jámánì kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1919, lẹ́yìn tí wọ́n ti gbọ́ ọ lórí wáyà tẹlifóònù ojú ogun. Ní 1953 ni Storey, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Bìrìtéènì, ṣàlàyé pé ìgbì mànàmáná ló la plasma kọjá, tó tẹ̀ lé ipa òòfà ilẹ̀ ayé bí ọkọ̀ ojú irin ṣe ń tẹ̀ lé irin rẹ̀, tó sì balẹ̀ ní ìdajì ayé kejì. Ohùn tínrín ló ń yára jù nínú plasma, nítorí náà ó ń ṣáájú, ohùn kíkẹ̀ ń tẹ̀ lé e: fíìììùùù.

Ẹ má retí rẹ̀ lóko yín o. Kí ẹ lè rí ìdí rẹ̀, ẹ fi òwú so abẹ́rẹ́ ní àárín gbùngbùn kó dúró gbọọrọ, kí ẹ wá fi òòfà sípíkà nù ún. Ní Èkìtì, pẹrẹsẹ ni yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ wà. Ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, yóò dorí kọ ilẹ̀ ní nǹkan bíi dígírì 66. Ipa òòfà tiwa tẹ́ sílẹ̀ ni, kò gòkè jìnnà kó tó sọ̀ kalẹ̀, ìgbì tó bá ń lọ sókè kàn ń dá a kọjá ni.

Bí ẹ bá fẹ́ gbọ́ súfèé náà, ẹ wá “VLF live” lórí íntánẹ́ẹ̀tì (VLF ni orúkọ ìgbì rédíò tó rẹlẹ̀ gan-an yìí), kí ẹ mú ibùdó kan ní Yúróòpù. Súfèé kúkúrú tó já wálẹ̀ kíá, àlọ nìkan ló lọ, láti apá gúúsù ayé. Èyí tó bá falẹ̀ gan-an, tó tẹ̀ lé “pà” kan gbọnmọgbọnmọ, mànàmáná tòsí ibẹ̀ ni, àlọ àtàbọ̀ ló sì ti lọ.